Agolo Ọ̀dà Kan fún Ilé Olóyè Gbàdéró

Ọdún méjì ni Olóyè Gbàdéró fi ń wá ẹni tí yóò ra ilé rẹ̀, kò sẹ́ni tó yà wò ó, ló bá gbé agolo ọ̀dà kan fún Àwẹ̀ró, opó tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, ó ní, “Tún ilé yìí ṣe kí ó tà ní Sátidé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó ẹrù rẹ.” Ọ̀dà náà kò tó kun ògiri kan. Àwẹ̀ró ro ìta, ó gbá àgbàlá mọ́ tónítóní, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri iwájú: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ, Ẹ ṢỌ́RA FÚN ONÍGBÁJÚẸ̀. Kò pẹ́ tí àdúgbò fi gbà pé ilé tí àwọn onígbájúẹ̀ ń lé kiri, ilé gidi ni. Nígbà tí Sátidé dé, ọkùnrin mẹ́ta ló ń bẹ Olóyè lẹ́nu ọ̀nà: “Bàbá, ẹ ṣàánú wa, ẹ tà á fún wa.” Olóyè gbà fún ẹni tó fowó lé e jù, ó ní, “Mo fi yàrá ẹ̀yìn kún un.” Àwẹ̀ró nawọ́ sí ilẹ̀kùn rẹ̀, níbi tí ọ̀dà tó ṣẹ́kù kò tíì gbẹ: YÀRÁ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ó ní, “Bàbá, àbí irọ́ la kọ sára ilé yín ni?” Oníbàárà yíjú sí Olóyè. Olóyè dáhùn kíá: “Irọ́ kẹ̀? Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àwẹ̀ró ló ni yàrá yẹn.”