Ìdí Tí Ológbò Fi Ń Gbé Eku Wá sí Ẹnu Ọ̀nà

Nígbà láéláé, nígbà tí ológbò àti eku ṣì ń kí ara wọn láàárọ̀, Ológbò ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Àrìnpé. Àwọn méjèèjì nìkan ló wà nínú ilé náà.

Kò sí oúnjẹ tó tẹ́ Ológbò yìí lọ́rùn. Bí ìyá bá fún un ní ẹja, á ní egungun rẹ̀ pọ̀. Bí ìyá bá yọ egungun kúrò, á ní ọwọ́ ti kàn án. Ẹ̀kọ gbígbóná ń jó o lẹ́nu, ẹ̀kọ tútù ń rí i lára. Á gbóòórùn rẹ̀, á gbọn ẹsẹ̀ kan, á sì kẹ̀yìn sí àwo bí ọmọ ọba.

“Jọ̀ọ́, ọkọ mi, tọ́ ọ wò,” ni ìyá máa ń wí.

“Ẹ má bínú, ìyá. Kò wù mí.”

Nígbà tó yá, ó kọ oúnjẹ fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá fẹ́ dìde lórí àpótí, kò lè dìde, ló bá tún jókòó. Ológbò wo ojú rẹ̀, ó rí i pé ó ti rù. Ó sáré lọ bá Àgbébọ̀ adìyẹ lẹ́yìnkùlé.

“Ẹ gbà mí o! Ara ìyá mi ò yá!”

“Àìsàn kọ́, ebi ni,” ni Àgbébọ̀ dáhùn. “Ṣé o ò ríran ni? Bí mo bá rí kòkòrò, ṣé mo máa ń gbé e mì kí n tó pe àwọn ọmọ mi? Ìyá wo ló ń jẹun nígbà tí ọmọ rẹ̀ ò tíì jẹ? Láti ọjọ́ tí o ti ń ṣe yàngà yẹn, ìyá ò fi nǹkan kan ẹnu.”

Ẹ̀rù ba Ológbò débi pé gbogbo irun ara rẹ̀ dìde. Bí ìyá bá kú ńkọ́? Ta ni yóò tún máa pè é ní ọkọ mi?

Èkúté kan yọjú láti kí i. Ológbò fò mọ́ ọn, ó pa á, ó sì gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà ìyá.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun.”

“Yéè! Gbé e kúrò níbẹ̀! Èmi kì í jẹ èkúté!”

“Ẹ ò sì tíì tọ́ ọ wò!” Ológbò bú sẹ́kún.

Ìyá dáhùn pé, “Ohun tí èmi náà ń bẹ̀ ọ́ láti ijẹ́ta nìyẹn.”

Ojú ti Ológbò. Ó lọ sídìí àwo, ó di ojú, ó sì jẹ ẹja tó ti tútù síbẹ̀ tegungun-tegungun. Kí ó tó lá àwo tán, ìyá ti ṣí abọ́ tirẹ̀ náà.

Láti ọjọ́ náà ni ológbò ti ń gbé eku wá sí ẹnu ọ̀nà. Yàngà rẹ̀ kò tán o. Títí dòní ló ń gbóòórùn oúnjẹ kí ó tó jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbé eku kalẹ̀, á jókòó, á máa wo ẹnu wa. Ẹ̀rù ṣì ń bà á pé a kò tíì jẹun.