Ẹ̀wù Ẹlẹ́dẹ̀ Tí Kò Ṣe é Bọ́

"Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ o."
"Àlọ̀."
Àlọ́ mi sáré títí, ó kọsẹ̀ lára Alángbá tó tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀, àti Ẹlẹ́dẹ̀ tó sanra bí àpò ìrẹsì.

Nígbà ọyẹ́, òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Alángbá. Ó rí Ẹlẹ́dẹ̀ tí kò gbọ̀n rárá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ yá mi lẹ́wù yín."

"Ọ̀rá ni, àbúrò. Abẹ́ awọ ni mo wọ̀ ọ́ sí. Wá sùn tì mí, ṣùgbọ́n bí ooru bá dé, ìwọ lo máa bá mi bọ́ ọ."

Alángbá búra kíá. Ẹni tí òtútù ń pa kì í bi ìbúra léèrè ọ̀rọ̀.

Ooru dé. Alángbá ń yáàrùn lórí ògiri, ara tù ú pẹ̀sẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ dé, ó ń mí gúlegúle.

"Àbúrò, mò ń kú lọ. Bọ́ ẹ̀wù yìí."

Alángbá kọ́kọ́ wá bọ́tìnì. Ìdodo ló rí, ó tẹ̀ ẹ́ títí Ẹlẹ́dẹ̀ fi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ìrù ni síìpù, ó lọ́ ọ títí ìrù fi ká. Níkẹyìn ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀wù yìí ti gan. Ẹ lọ rẹ ẹ́ sínú ẹrẹ̀, kó lè rọ̀."

Ẹlẹ́dẹ̀ wọ ẹrẹ̀, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Alángbá, ṣé ó ti rọ̀?
*Ó kù díẹ̀.*
Oòrùn ń yọ́ mi bí òrí.
*Ó kù díẹ̀.*
Àbúrò, o búra fún mi.
*Ó kù díẹ̀.*

Bí ẹ bá rí Alángbá lórí ògiri tó ń mi orí sókè sódò, kì í ṣe ẹ̀yin ló ń kí. Ẹlẹ́dẹ̀ ló tún bi í léèrè. Kò sì jẹ́ sọ òótọ́, torí ọyẹ́ ń padà bọ̀.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi ti rẹ̀ mí. Bí mo bá purọ́, kí n sanra nínú ooru, kí n sì gbẹ nínú ọyẹ́.