Okùn Ẹnu Àpò Oúnjẹ Ajá

"Ìyá, àwọn ajá mi ò lè sáré mọ́."

"Ajá rẹ nìkan ni?"

"Irun wọn ń já. Egungun ìhà wọn yọ síta bí igi ọgbà."

"Mo ní, ajá rẹ nìkan ni?"

"Ajá Ọdẹ́rìndé ń dán."

"Ẹ̀n-ẹ́n. A ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà."

Ọdẹ́yẹmí, àgbà ọdẹ ìlú Èrúwọ̀n, ló jókòó lórí ẹní níwájú Ẹfúnṣeun, obìnrin arúgbó tí ó ń fi owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún wádìí ọ̀rọ̀. Ọdẹ́rìndé tí ó dárúkọ yìí, àbúrò rẹ̀ ni, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló kù kí gbogbo ọdẹ ìlú jáde lọ sí igbó ọba. Ẹni tí ajá rẹ̀ bá kọ́kọ́ lé ẹran mú lọ́jọ́ náà ni yóò gba ọ̀pá aṣíwájú ọdẹ. Ọwọ́ baba wọn ni ọ̀pá náà wà títí baba fi kú, Ọdẹ́yẹmí sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé tòun ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà òjò ni ara àwọn ajá àbúrò rẹ̀ ti ń dán bí ẹni fi epo pa wọ́n. Àràárọ̀ ni wọ́n ń gbó kọjá níwájú ilé rẹ̀, bí ó bá sì ti gbọ́ gbígbó wọn, òkèlè a korò lẹ́nu rẹ̀.

Kì í ṣe pé Ọdẹ́rìndé lówó jù ú. Oúnjẹ gbígbẹ tí kò wọ́n ni àwọn méjèèjì ń rà fún ajá wọn, èyí tí wọ́n ṣù ní róbótóróbótó, tí wọ́n sá lóòrùn, tí ọdẹ lè gbé dé igbó jíjìn. Ọba ti pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ṣe oúnjẹ náà so okùn mọ́ ẹnu àpò, kí ó sì sín díẹ̀díẹ̀ nínú gbogbo ohun tí ó fi ṣe é sí okùn náà: èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ pọ̀ jù nínú àpò ní iwájú, èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ kéré jù ní ẹ̀yìn; èyí tí ó bá kúnná, kí ó fi ewé dì í. Ẹni tí ó bá mọ okùn kà, kò ní í tú àpò kí ó tó mọ ohun tí ó ń rà.

"Mo mọ okùn kà, ìyá," ni Ọdẹ́yẹmí wí. "Orí ẹja ló ṣíwájú lórí tèmi. Mo yọjú wo ti Ọdẹ́rìndé níbi tí ó gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Àgbàdo ló ṣíwájú níbẹ̀. Ẹni tí ó ń fún ajá ní àgbàdo, tí ajá sì ń dán, oògùn ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀."

"O yọjú wò ó."

"Mo ń kọjá lọ ni."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo kọjá?"

Ọdẹ́yẹmí yí ojú sí ẹnu ọ̀nà.

Ẹfúnṣeun da owó ẹyọ sórí àtẹ. Ó wò wọ́n pẹ́. "Ire ń bẹ níbẹ̀," ló wí. "Wọ́n ní kí o rúbọ. Ẹyẹlé méjì, orí ẹja gbígbẹ mẹ́rin, àti ìbéèrè kan."

"Ìbéèrè báwo?"

"Kí o gbé àpò oúnjẹ ajá rẹ dé ọ̀dọ̀ Ọdẹ́rìndé, kí o sì wí fún un pé, 'Àbúrò mi, bá mi ka okùn yìí.'"

Ọdẹ́yẹmí rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Èmi tí mo gbé e pọ̀n. Èmi tí mo kọ́ ọ bí a ṣe ń pe ajá."

"Ìwọ náà ni."

"Ẹ jẹ́ kí n fi ẹyẹlé mẹ́rin dípò ìbéèrè yẹn."

"Ẹyẹlé kò lè bá ọ bèèrè ọ̀rọ̀."

"Mẹ́fà ńkọ́?"

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó ẹyọ rẹ̀. "Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, àbúrò rẹ jókòó síbi tí o jókòó sí yẹn. Wọ́n ní kí òun náà rú ìbéèrè. Ó lọ bá àwọn obìnrin tí ń lọ àgbàdo, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàrin wọn láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó ń bèèrè ohun tí ń lọ sínú oúnjẹ ajá. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó fara dà á."

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ẹyọ kan péré ni Ọdẹ́yẹmí gbọ́. "Ó ti wá síbí? Ẹyẹlé mélòó ló rú?"

"Méjì."

"Èmi yóò rú mẹ́jọ."

Ó sì rú mẹ́jọ. Ó fi orí ẹja mẹ́jọ tì í. Ó padà sí ìsọ̀ tí ó ti máa ń rajà, ó tún ra àpò mẹ́ta tí orí ẹja ṣíwájú lórí okùn wọn. Ìbéèrè nìkan ló kù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó gbé àpò kọ́ èjìká dé ẹnu ọ̀nà àbúrò rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ó gbọ́ ẹ̀rín nínú ilé, ó ní òun ni wọ́n ń rín, ó sì yí padà. Lẹ́ẹ̀kejì, ìyàwó Ọdẹ́rìndé rí i. "Ẹ káàbọ̀ o, bàbá wa. Ṣé kò sí nǹkan?" Ọdẹ́yẹmí ní àkùkọ òun tó sọnù ni òun ń wá. Kò sì ní àkùkọ kankan.

Ọjọ́ igbó pé. Etu kan já jáde láti inú ewé, àwọn ajá Ọdẹ́yẹmí ni ó sì kọ́kọ́ gbá tẹ̀lé e. Wọ́n ṣíwájú, ọkàn ọ̀gá wọn sì fò sókè. Kí wọn tó dé odò, wọ́n jókòó, wọ́n yọ ahọ́n sílẹ̀.

"Àgbà ọdẹ," ni ọdẹ kan wí, "ṣé kí a bá wọn gbé àpótí ìjókòó wá ni?"

Abo ajá Ọdẹ́rìndé kọjá lára wọn, ó fo odò, ó mú etu náà ní ọrùn. Ọba na ọ̀pá sí Ọdẹ́rìndé níwájú gbogbo ìlú.

Ní ọjọ́ kẹta, Ọdẹ́rìndé gbé itan etu wá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọdẹ́yẹmí gba ẹran náà. Ó gbé e sílẹ̀. Ó wo ògiri, ó wo ọ̀pá lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ó wo àpò tí ó wà nílẹ̀.

"Àbúrò mi," ló wí, "bá mi ka okùn yìí."

Ọdẹ́rìndé lóṣòó tì í. "Orí ẹja. Àgbàdo. Eèrí. Ṣùkù lílọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, lára kí ni wọ́n ti ń rí eèrí?"

"Lára àgbàdo."

"Ṣùkù ńkọ́?"

Ọdẹ́yẹmí fa okùn náà súnmọ́ ojú.

"Ẹ kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Àgbàdo ni gbogbo wọn. Ẹni tó ṣe é ló pín in sí mẹ́ta kí ẹja lè ṣíwájú. Ẹja yẹn pàápàá, tútù ni wọ́n wọ̀n ọ́n; omi ló wúwo. Àgbàdo ló ṣíwájú lórí tèmi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ óò rí i. Ẹja gbígbẹ ló tẹ̀ lé e, kúlíkúlí tẹ̀ lé ẹja."

"Iye kan náà ni wọ́n ń tà wọ́n?"

"Iye kan náà ni."

"O ò sì sọ fún mi."

Ẹni tí ó rú ẹbọ rẹ̀ pé, ọ̀pá baba rẹ̀ dé ọwọ́ rẹ̀, ajá rẹ̀ ń bí, ọmọ ajá rẹ̀ ń yè. Ẹni tí ó fi ẹyẹlé mẹ́jọ dí àyè ìbéèrè kan, àbámọ̀ ni ó bá a jókòó ti àpò mẹ́ta lọ́jọ́ náà.

Ọdẹ́rìndé dìde, ó gbọn ekuru kúrò ní orúnkún rẹ̀. Ó ti tẹ ẹsẹ̀ kan síta kí ó tó dáhùn.

"Mi ò fi pa mọ́ fún yín, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ò bi mí ni."