Ẹrù Mosúnmọ́lá Níta

Ohun tí wọ́n ṣe fún Mosúnmọ́lá ṣì ń bí mi nínú. Lájídé ọkọ rẹ̀, káfíńtà, já bọ́ láti orí òrùlé, ó forí gbálẹ̀. Ọgbẹ́ jinná, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún kan kò rántí orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́. Ni ìyá Lájídé bá kó ẹrù ìyàwó síta.

"Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ìwọ lo ń jẹ ọmọ mi!"

Nọ́ọ̀sì tó wá wo Lájídé fara ya.

"Màmá, ẹ má purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ! Àwọn ọmọ ogun inú ara, tó ń bá àìsàn àti ọgbẹ́ jà, ló sáré wá gba ọpọlọ rẹ̀ là lọ́jọ́ tó ṣubú. Ogun tán, wọn ò túká. Ọpọlọ yẹn gan-an ni wọ́n ń bà jẹ́. Inú orí ọmọ yín ni ikú ilé wà."

Ìyá yíjú sí ìyàwó. "Mosúnmọ́lá, kó ẹrù rẹ wọlé."

"Rárá, Màmá. Ọwọ́ tó kó o síta ni kó kó o wọlé."