Ibi Tí A Ń Sin Àlejò Dé

O bi mí bí ìwé ìtàn àròsọ fún àwọn ọ̀dọ́ langba ṣe yẹ kó gùn tó. Ìbéèrè gidi ni. Gbọ́ èyí ná.

Obìnrin kan wà ní abúlé kan tó mọ àlejò í ṣe. Àwẹ̀ró, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí kò tíì pé ogún ọdún, máa ń rìn wá kí i láti abúlé kejì. Lọ́jọ́ kan ọmọ náà wá, kò lè jẹun tán. Wọ́n bi í, ó ní kò sí nǹkan. Ìwọ náà ṣáà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó gbé àlejò wá kì í sábà jáde nínú ilé. Ojú ọ̀nà, nígbà tí a bá ń sìn ín lọ, ló ti ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà nílẹ̀ fún àǹtí rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló ti ní ó dàbọ̀, kó bá òun kí ilé. Ọmọ náà dúró díẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó lọ.

Ọkàn àǹtí kò balẹ̀. Kí ni ọmọ yìí fẹ́ sọ? Bó ṣe ń bó ẹ̀gẹ́ ló ń rò ó. Nígbà tí Àwẹ̀ró tún wá, àǹtí ní òun kò ní ṣahun ẹsẹ̀ mọ́. Ó sìn ín kọjá odò, ó sìn ín kọjá oko ọ̀pẹ, ó ń gbà á nímọ̀ràn, ó ń ròyìn ìgbà èwe tirẹ̀, kò sinmi. Àfi bí wọ́n ṣe rí òrùlé ilé bàbá ọmọ. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kò sì ní jẹ́ kí àgbà nìkan padà, ló bá tún ń sin àǹtí rẹ̀ bọ̀. Ẹsẹ̀ ń ro àwọn méjèèjì, ọ̀rọ̀ ṣì wà níkùn ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín, àánú ọmọ náà sì ṣe mí.

Nígbà tí Àwẹ̀ró wá lẹ́ẹ̀kẹta, àǹtí kò ro ibi tí òun yóò sìn ín dé mọ́. Ojú ọmọ ló ń wò. Wọ́n ń lọ, àǹtí kò gbà á nímọ̀ràn kankan. Létí odò, Àwẹ̀ró dúró.

"Àǹtí, Bàbá ní kí n má padà sílé ìwé mọ́. Ẹ má sọ fún wọn pé mo sunkún."

Àǹtí kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó dúró títí ọmọ fi sọ gbogbo rẹ̀, títí ó fi sọ ohun tó wù ú láti bá bàbá rẹ̀ sọ.

"Lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn," ni àǹtí wí. "Bí wọ́n bá kọ̀, mo ń bọ̀ lọ́la."

Ibẹ̀ ni àǹtí ti yí padà sílé.

Ìwọ òǹkọ̀wé, má bi mí ní iye ojú ewé. Ọmọ tí yóò ka ìwé rẹ ní ohun kan nínú tí kò tíì rí ẹnu sọ. Sìn ín dé ibi tí ẹnu rẹ̀ yóò ti là, kí o fi ọ̀nà tó kù sílẹ̀ fún un. Ìwé rẹ tí o gbé fún mi lánàá, mo ti kà á. Láti àárín ìwé dé ìparí, ìwọ nìkan lo ń sọ̀rọ̀.