Òjìji Tí Ọba Arólù Rà

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí Ọba Arólù ti kú, síbẹ̀ kò yé wá ná ọjà Ìlọ́ya ní ọ̀sán gangan. Àpò owó ẹyọ rẹ̀ kì í gbẹ, kì í sì í dúnàá-dúrà, títí iṣu ogún owó fi di ẹgbẹ̀rún. Lọ́jọ́ kan, ọ̀wọ́n náà bí òun fúnra rẹ̀ nínú, ó lọ bá Awẹ̀ró, opó tó ń bá àwọn ọlọ́jà sín owó ẹyọ sí okùn, ó ní, "Dá iṣu padà sí ogún owó kí oòrùn tó yẹ̀ kúrò ní àtàrí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ kọ owó mi. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èmi pẹ̀lú rẹ la jọ ń lọ." Awẹ̀ró kò dá owó sísín dúró. Ó ní, "Kábíyèsí, kí lẹ kò tíì rí rà?" Ọba wo ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn, ó wo tirẹ̀. "Òjìji nìkan ni." Awẹ̀ró ní, "Mo ní in tà. Gbogbo owó tí ẹ ti ná lọ́jà yìí ni iye rẹ̀. Ẹ kó o sínú kòtò ẹ̀yìn mi yìí." Ọba súfèé. Owó ẹyọ bẹ̀rẹ̀ sí í rákò jáde nínú apẹ̀rẹ̀ àwọn ọlọ́jà bí ìgbín, wọ́n ń wọ́ kọjá lórí ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn, wọ́n ń já sínú kòtò, àpò ọba náà sì tẹ̀lé wọn. Owó wọ́n lọ́jà lójú ẹsẹ̀, oníṣu kan figbe ta, "Ogún owó péré, ẹ gbà mí o!" Ọba ní, "Òjìji mi dà?" Awẹ̀ró nawọ́ sí kòtò tó ṣókùnkùn biribiri náà: "Ó kún ibẹ̀, Kábíyèsí. Ẹ wọlé lọ mú un." Bó ti wọlé ni Awẹ̀ró yí ọlọ ńlá kan tó wà nítòsí bo ẹnu kòtò, ó sì jókòó lé e. Láti ìgbà náà, tí ọ̀sán bá ti pọ́n, ohùn kan a máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lábẹ́ ọlọ: "Awẹ̀ró, òjìji yìí pọ̀ jù fún ẹnì kan. Sọ̀kalẹ̀ wá gba ṣéńjì."