Oko Tí Bàbá Ìbíwùmí Ń Lọ

"Màámi, oko wo ni èèyàn kì í ti í bọ̀ wálé?"

Ìbíwùmí ló béèrè bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, níbi tó ti ń bá Morádéyọ̀, ìyá rẹ̀, ṣa ẹ̀wà. Morádéyọ̀ gbójú sókè wo ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá àgbà wolẹ̀. 

Ẹnu Morádéyọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Nígbà tí wọ́n ṣì ń pọn ọmọ yìí, bó bá ti ń sunkún bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ a ní, "Dákẹ́, oko ni wọ́n lọ. Wọ́n ń bọ̀." Àgbẹ̀ ló pọ̀ jù ní Ìdó-Ọ̀pẹ, kò sí ọmọ tí kò mọ̀ pé ẹni tó lọ sóko ń bọ̀ wálé. Ṣùgbọ́n ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ni oko tí Bámgbóyè, bàbá Ìbíwùmí, ń lọ ní tirẹ̀. Òun ló ti ń ṣojú Ìdó-Ọ̀pẹ níbẹ̀ kí wọ́n tó bí Ìbíwùmí rárá. Bó bá sì wálé, àlejò a tẹ̀ lé e wá. Bàtà a kún ẹnu ọ̀nà débi pé ewúrẹ́ kò ní í rí ibi gbà. Ẹni tó ń wáṣẹ́ fún ọmọ ń bẹ níbẹ̀, ẹni tó ń ṣẹjọ́ ilẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, ẹni tó kàn wá jẹun náà kò gbẹ́yìn. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, Ìbíwùmí a ká ẹní rẹ̀, a fi yàrá sílẹ̀ fún àlejò, a gba ilé ìdáná lọ.

Nígbà tí ìdìbò mìíràn ń bọ̀, Bámgbóyè dìde ní ìpàdé ẹgbẹ́, ó ní òun kò du ipò náà mọ́.

"Mo ti ṣe é títí irun mi fi funfun. Kí ẹlòmíràn bọ́ síbẹ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn kan tilẹ̀ nu omijé. Kó tó di ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, gbogbo bàtà ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n ti kún ẹnu ọ̀nà apòògùn kan àti ti tíṣà kan, àwọn méjì tó fẹ́ gba àga rẹ̀.

Morádéyọ̀ rò pé ìsinmi ti dé. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni Bámgbóyè ń wọ agbádá, tí ó ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ó ń wo géètì. Bí ọ̀kadà kan bá dẹwọ́ eré níwájú ilé, a tún fìlà rẹ̀ ṣe.

"Bàbá Ìbí, ẹ jẹ́ ká jọ jẹun."

"Ẹ máa jẹ ná. Ẹnìkan lè yà."

Ẹnikẹ́ni kò yà. Ìkòkò ńlá sì ni Morádéyọ̀ ṣì ń gbé kaná, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ìwọ̀n kékeré mọ́. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kò sí nílé, ó kéré tán ó ní ẹni tó ń retí. Ní báyìí tó wà nílé, kò mọ ẹni tí òun yóò tún máa retí.

Kò pẹ́ tí apòògùn àti tíṣà fi dojú ìjà kọ ara wọn. Ni àwọn àgbà ẹgbẹ́ bá wá ní ìrọ̀lẹ́ kan, Alága Ṣówándé ló ṣáájú wọn.

"Ọnọrébù! Ọnọrébù tòótọ́!" Ó ti jókòó kí wọ́n tó fi àga lọ̀ ọ́. "Àwọn ọmọdé méjì yìí fẹ́ fa ẹgbẹ́ wa ya. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n lè gbà fún. Ẹ tún du ipò náà, ẹ̀ẹ̀kan yìí péré."

"Alága, mo ti sọ̀rọ̀ ní gbangba."

"Ta ni kì í sọ̀rọ̀ ní gbangba? Ṣebí olóṣèlú ni gbogbo wa!"

Ilé hó fún ẹ̀rín. Bámgbóyè náà rẹ́rìn-ín dé ọ̀fun, irú ẹ̀rín tí Morádéyọ̀ kò tíì gbọ́ láti ọjọ́ tí bàtà ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Morádéyọ̀ gbé omi síwájú wọn. Ó mọ̀ pé ọkọ òun ti fẹ́ gbà.

"Ọmọ wa dà?" Ṣówándé béèrè. "Ẹ ní kó wá kí wa."

Bámgbóyè pe ọmọ rẹ̀, kò gbóhùn. Ó dìde lọ wò ó. Yàrá ọmọ mọ́ tónítóní, kò sí ẹní nílẹ̀.

"Ìyá Ìbí, níbo ni ọmọ yìí ń sùn?"

 Morádéyọ̀ gbé àtùpà, ó ṣáájú rẹ̀ gba ẹ̀yìn ilé. Nínú ilé ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ìdáná, Ìbíwùmí ti tẹ́ ẹní, ó ti fi aṣọ bora dé ọrùn. Bó ti rí bàbá rẹ̀, ó dìde, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káalẹ́, sà."

"Ta ló ní kí o wá síbí?"

"Kò sẹ́nìkan, sà. Àlejò ti dé. Mo ti fi yàrá sílẹ̀ fún wọn." Ó wò ó díẹ̀. "Ṣé ẹ tún ń padà sóko?"

Bámgbóyè yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Morádéyọ̀ kò gbójú kúrò. Bámgbóyè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ká ẹní náà, ó gbé e lé èjìká, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì gba àárín àwọn àlejò kọjá.

"Alága, ẹ má bínú. Mo ti ṣíwọ́ oko. Ẹ kó àwọn méjèèjì síwájú ẹgbẹ́, kí ẹ dìbò yan ọ̀kan."

"Ọnọrébù, àga yẹn á ṣófo o!"

"Wọ́n á rí ẹni jókòó síbẹ̀. Tèmi tó ṣófo, inú ilé yìí ló wà."

Wọ́n wọ bàtà wọn, wọ́n lọ. Ilé tún dákẹ́. Bámgbóyè bọ́ agbádá, ó béèrè bóyá oúnjẹ kù. Oúnjẹ sì kù dáadáa nínú ìkòkò ńlá. Wọ́n jọ jẹun, ṣùgbọ́n wọn kò tíì mọ ohun tí wọn yóò bá ara wọn sọ. Morádéyọ̀ kò mọ̀ bóyá agbádá ni ọkọ òun yóò tún wọ̀ lówùúrọ̀, kò sì bi í.

Bámgbóyè tẹ́ ẹní ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó dojú ẹní náà délẹ̀. Ìbíwùmí yí i padà, ó dùbúlẹ̀ lé e.

"Ta ló kù níta?" Ìyá àgbà béèrè láti yàrá rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó kù níta mọ́, Màmá," ni Morádéyọ̀ dáhùn, ó sì fi ìdábùú sí ìlẹ̀kùn. Ọmọ ti sùn. Bàbá rẹ̀ jókòó ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun náà ti sùn. Morádéyọ̀ tẹ́tí sí èémí wọn títí oorun fi gbé òun náà lọ.

Ibẹ̀ ni òwe kan ti bọ́ sí ìlú lẹ́nu, tó fi jẹ́ pé bí àwọn àgbà Ìdó-Ọ̀pẹ bá rí ẹni tó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìlú, wọn a rọra sọ fún un pé: ibi yòówù ká lọ, ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko.